Ọgbà Tiyín Dà? Bí A Ṣe Lè Mú Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Rìn Láàrin Igi àti Omi ní Èkó

Ní oṣù kẹjọ ọdún, ní àkókò ìsinmi gígùn, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún bá ìyá rẹ̀ wá láti Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti wá kí wa ní Olówógbowó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, ó wọ bàtà rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bi mí léèrè pé, "Bàbá àgbà, ọgbà tiyín dà?" Mo rò pé ẹ̀yìnkùlé ni ó ń wí, mo sì fi ibi tí a ń sá aṣọ sí hàn án. Ó mi orí. Ohun tí ó ń béèrè ni ibi tí àwọn òbí ń mú ọmọ lọ ní ọjọ́ Sátidé, ibi tí igi àti koríko wà, tí ọmọ lè sáré láìbẹ̀rù pé ọ̀kadà yóò gbá a. Èmi tí mo ti ń wàásù fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò rí èsì kankan fọ̀.

Ìyá rẹ̀, tí í ṣe àbíkẹ́yìn mi, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n." Kò sọ ọ́ láti bú mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi jíǹkí èmi àti ìyàwó mi. Mo kọ́ wọn ní kátíkísìmù, mo san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn, n kò fi ebi pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan a máa bá mi níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìpàdé ìgbìmọ̀. N kò rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo di ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn mú, tí a kàn rìn lọ wo igi.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí n kọ nǹkan, mo fi ìtàn ẹgba ọ̀gá àti ẹ̀wà ọ̀sán sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà. Ó ti pẹ́ jù fún mi lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí mo bí, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣì ń fẹ́ kí ẹ di ọwọ́ òun mú.

Oko ni ibí yìí tẹ́lẹ̀

Àwọn kan yóò wí pé Ìsàlẹ̀ Èkó kọ́ ni a ti ń wá igi àti koríko. Òótọ́ ni pé ilé ti fún mọ́ ilé, tí ọjà sì ti gba ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà Èkó fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ tí ààfin Ọba Èkó dúró lé lórí. Ohun tí Ìgá Ìdúngánran sì túmọ̀ sí ni ààfin tí a kọ́ sí oko ata. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé láti inú "oko" ni orúkọ "Èkó" ti jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ Ẹdó tí ó túmọ̀ sí ibùdó ni.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, omi ni ó pọ̀ jù. Àbàtà ni Alákorò tẹ́lẹ̀ kí a tó dí i, ọ̀sà kékeré kan sì wà ní Ìdúmàgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, Gómìnà William MacGregor gbẹ́ odò kan gba àárín Èkó àti Ìkòyí kọjá, kí omi àbàtà tí ẹ̀fọn ń pamọ sí lè rí ọ̀nà ṣàn lọ. A ti dí òun náà.

Nígbà tí èmi wà ní kíláàsì àkọ́kọ́, omi ọ̀sà kò jìnnà sí títì Marina bí ó ti rí lónìí, nítorí pé wọn kò tíì da yanrìn sí etí omi láti la ọ̀nà Outer Marina. Bí a bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, a máa ń dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, a óò fi òkúta já èso rẹ̀, a óò wo ọkọ̀ òkun tí ó ń wọlé. Kò sí ẹni tí ó mú wa lọ. A kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwa àti àwọn ọmọ òde òní nìyẹn. Ohun tí àwa rí lọ́fẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà, ó ti di dandan kí ẹnì kan mú wọn lọ wò ó.

Èrè tí ó wà níbẹ̀

Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé Sólómọ́nì mọ̀ nípa igi, láti orí kédárì ti Lẹ́bánónì títí dé hísópù tí ó ń hù lára ògiri, àti nípa ẹranko, ẹyẹ, ohun tí ń rákò àti ẹja. Olúwa wa pẹ̀lú, nígbà tí ó fẹ́ wo àníyàn sàn lọ́kàn àwọn ènìyàn, ẹyẹ ojú ọ̀run àti òdòdó inú pápá ni ó ní kí wọ́n wò. Báwo ni ọmọ tí kò wo ẹyẹ rí yóò ṣe mọ adùn ọ̀rọ̀ náà?

Ọkùnrin ará Jámánì kan, Friedrich Froebel, ni ó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó ti tàn ká ayé sílẹ̀. Ní ọdún 1840, ó sọ ọ́ ní Kindergarten, èyí tí ó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé, nítorí ó gbà pé ọmọ ń dàgbà bí ohun ọ̀gbìn, ó sì fẹ́ kí olúkúlùkù ọmọ ní ebè kékeré tirẹ̀ tí yóò máa tọ́jú. Àwa Yorùbá pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní jẹ́léósinmi. Orúkọ náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mú ni ronú pẹ̀lú. Froebel ro ohun tí ọmọ yóò rí. Àwa ro ìsinmi tí ilé yóò rí.

Èrè ti ara wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn oníṣègùn ojú ní ilẹ̀ Ṣáínà àti Taiwan ti rí i pé àwọn ọmọ tí ó ń lo àkókò púpọ̀ níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í tètè ní àìsàn ojú tí kì í jẹ́ kí a rí ọ̀ọ́kán, bí àwọn tí ó ń jókòó sínú ilé pẹ̀lú ìwé àti fóònù. Èrè ti èdè ni èyí tí ó kẹ́yìn, òun ni ó sì ká mi lára jù. Orúkọ ohun tí ọmọ kò rí rí kì í dúró sí i lẹ́nu. Bí ọmọ kò bá rí lámilámi lórí omi, tàbí kí ó fọwọ́ kan patanmọ́ kí ó rí i bí ewé rẹ̀ ṣe ń pa dé, ọ̀rọ̀ lásán ni àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò jẹ́ fún un, yóò sì gbàgbé wọn.

Ibi mẹ́rin tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀

Ibi àkọ́kọ́ ni etí omi tiwa. Ẹ gba Apọ́ngbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Marina ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mọ́tò kò tíì pọ̀. Ẹ sọ fún ọmọ lójú ọ̀nà pé irùngbọ̀n pupa ti òyìnbó kan, William McCoskry, tí ó ṣe adelé gómìnà ní 1861, ni àwọn ará Èkó fi sọ ibẹ̀ ní Apọ́ngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ó wo àwòdì tí ó ń rà bàbà lójú ọ̀run àti lékeléke tí ó ń fò kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ kọ́ ọ bí àwa ṣe máa ń ju ọwọ́ sí lékeléke láti tọrọ èékánná funfun.

Ní ìgbà òjò, ẹ óò rí ewéko kan tí ó ń léfòó lójú ọ̀sà, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ojú oró, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an. Àlejò ni láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ó gba ojú omi wa ní àwọn ọdún 1980. Bí ẹ bá padà lọ ní àkókò ọyẹ́, ẹ kò ní í rí i púpọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ro ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Ní ìgbà òjò, omi dídùn láti inú odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń ya wọ inú ọ̀sà, ó sì ń gbé ewéko náà wá. Bí òjò bá dá, omi iyọ̀ láti inú òkun a wọlé, iyọ̀ a sì pa á. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ti mọ bí ọ̀sà Èkó ṣe ń mí.

Ibi kejì ni Freedom Park ní Broad Street. Ẹ kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ní gbàgede Tinúbú, níbi ìsun omi tí àwọn ará Lẹ́bánónì tí ó wà láàrin wa fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ nígbà òmìnira ní 1960. Ẹ sọ ìtàn Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò ńlá tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tí ó lọ di ẹni ńlá ní Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀, ọgbà náà kò jìnnà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1880. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn tí wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, ilẹ̀ rẹ̀ di ààtàn, títí ayàwòrán ilé náà, Theo Lawson, fi sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n ṣí i ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún.

Mo ti pèsè gbogbo ìtàn yìí sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi bí ẹni tí ó fẹ́ lọ wàásù. Kí n tó dé orí Macaulay, ó ti kúnlẹ̀ ti ìlà èèrà kan tí ó ń wọ́ òkú aáyán lọ sí ihò. Ó wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo fà á lọ́wọ́, mo ní kí ó wá gbọ́ ìtàn. Ó bú sẹ́kún. Nígbà náà ni mo rántí ẹni tí Sólómọ́nì rán ọ̀lẹ lọ bá láti kọ́ ọgbọ́n. Ojú tì mí, mo sì kúnlẹ̀ tì í. Mo rí i pé bí èèrà méjì bá pàdé, wọn a fi ìwo orí kan ara wọn kí wọ́n tó kọjá. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. N kò kíyè sí i rí.

Ibi kẹta ni Oníkan. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1957, àgbàlá rẹ̀ sì ní òjìji. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ibi tí Dókítà John Randle, oníṣègùn ọmọ Sàró, kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní 1928 kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ omi wíwẹ̀. Ibẹ̀ ni a kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní 2023. Ibí dára fún ọjọ́ tí oòrùn bá mú jù tàbí tí òjò bá ṣú.

Ibi kẹrin jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó kún jù. Èyí ni Lekki Conservation Centre, ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó ṣí i ní 1990. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, igbó àti àbàtà gidi ni, irú èyí tí ó bo gbogbo etí òkun wa kí a tó kọ́lé sí i. Wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà sórí àbàtà náà, tí ọmọ lè rìn láìfi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Ọ̀bọ, ìgalà, ọ̀nì, ìjàpá, ọ̀kín àti oríṣiríṣi ẹyẹ ni ó wà níbẹ̀. Afárá orí igi tí ó gùn ní mítà 401 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ga, ó sì ń mì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n. Ẹ má gbé oúnjẹ lọ́wọ́ gbangba. Mo ń sọ èyí fún ọmọ wa lọ́wọ́ ni ọ̀bọ kan já bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ èmi gan-an, ó gun igi, ó sì jẹ ẹ́ níwájú wa. Títí di òní, ìtàn tí ọmọ náà ń sọ nípa Nàìjíríà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ilé yín kò sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́ lè wá ọgbà Muri Okunola ní Victoria Island, tàbí àwọn ọgbà tí ó wà ní Aláùsá ní Ìkẹjà. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní oko bàbá òun ló tóbi jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí oko púpọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọmọ ni ó ni ìrìn àjò náà. Àgbàlagbà ń rìn láti dé ibì kan. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti dé ibi tí ó ń lọ nígbà tí ó bá rí ìgbín àkọ́kọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan tàbí méjì tó fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ padà sílé kí ó tó rẹ̀ ẹ́, kí ó lè fẹ́ lọ ní ọjọ́ mìíràn.

Ẹ jáde ní aago méje òwúrọ̀, kí ẹ sì ti máa padà ní aago mẹ́wàá. Oòrùn kò tíì mú nígbà náà, ẹyẹ sì ń ké. Ẹ gbé omi mímu dání, fìlà, bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti aṣọ ìpààrọ̀ kan. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn fún wọn ní ibi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú pépà, kí ẹ fi í sínú àpò ọmọ.

Ní etí omi, ẹ má ṣe fi ọmọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ mójú tó ju ọmọ kékeré méjì lọ, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ máa tẹ fóònù. Ẹ kọ́ wọn pé ojú ni a fi ń wo kòkòrò onírun, pé a kì í já èso tí a kò mọ̀ jẹ, àti pé a kì í fún ẹranko ní oúnjẹ. Kí olúkúlùkù kó ọ̀rá àti ìgò tirẹ̀ padà sílé.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè ju bí ẹ ti ń ṣàlàyé lọ. Kí ni ẹyẹ yẹn ń wá? Èé ṣe tí alángbá fi ń mi orí? Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ jọ wá a lọ. Ẹ sọ orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. Ìwé kékeré kan tí ọmọ yóò máa ya ohun tí ó rí sí yóò wúlò ju fọ́tò ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí owó kò bá sí

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti wọ́n, àwọn ibòmíràn sì ń gba owó ìwọlé. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Etí omi kò gba kọ́bọ̀. Ọgbà ilé ìjọ kò gba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni alángbá ara ògiri rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta lè gbin ẹfinrin tàbí ewúro sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí ó ti tán, kí ọmọ máa bomi rin ín.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ̀rọ̀. Ní àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan, a máa ń dáwó láti kọ́ ilé kún ilé ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́lé sí gbogbo ilẹ̀ tí ó kù, níbo ni àwọn ọmọ yóò dúró sí? Burgess Park tí ọmọ ọmọ mi ń ṣeré nínú rẹ̀ nítòsí Peckham, ilé, ilé iṣẹ́ àti odò àgbẹ́ tí ọkọ̀ ń gbà ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bọ́ǹbù ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará ìlú sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ọ́ di pápá díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá lè wó ilé kí wọ́n tó rí pápá, àwa lè fi ìwọ̀nba tí a ní sílẹ̀. Mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí a gbin igi sí i ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, ọjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbin igi, kí a sì ṣí i fún àwọn òbí àti ọmọ wẹ́wẹ́ ní Sátidé kan lóṣù. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ní ọjọ́ tí ọmọ náà ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù, a gbin kóró fúrúùtù kan tí ó he ní Marina sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ó hù. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá pè mí, kì í béèrè àlàáfíà mi kí ó tó béèrè ti igi rẹ̀. Ó ti ga kọjá orúnkún mi, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì ní í gbà á pẹ́ mọ́. Bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni n óò gbìn ín sí, kí n lè ní ìdáhùn nígbà tí ó bá tún dúró lẹ́nu ọ̀nà mi tí ó sì béèrè pé ọgbà tiwa dà.

Kí Olúwa tí ó gbin ọgbà àkọ́kọ́ bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.